Àlàmú, oorun ló gbé mi lọ

Àlàmú ọmọ ìyá mi,

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni mo ń rín, torí bó o ṣe ń hanrun láti fi sín mi jẹ yẹn, àfi bí ẹni pé èmi gan-an ni. Ìgbà kejì ni etí mi tó bá gbólóhùn tó o fi parí rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ọ̀rọ̀ mi bá ti sú yín, ẹ kúkú sọ fún mi." Ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ dín ariwo kù, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà yìí. Bí mo bá ní kí n dúró di alẹ́ kí n tó ṣàlàyé, ibi tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ náà la ó tún padà sí.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tèmi. Aago mọ́kànlá alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo pè. Mo ti sùn, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ni mo rí, mo gbé e. O ń sọ̀rọ̀ ilé tó o fẹ́ rà ní Toronto, o ní owó tí báńkì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san ti ga jù, o ní ìyàwó rẹ ò fẹ́ràn ilé ìdáná ibẹ̀, pé fèrèsé rẹ̀ kéré. Fèrèsé yẹn ni mo gbọ́ kẹ́yìn. Nígbà tí mo máa lajú, aago mẹ́rin ìdájí ti kọjá, fóònù wà láyà mi, bátìrì rẹ̀ ti kú. Ìwọ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko lo fi ń pe "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n!" kó o tó mọ̀ pé imú mi ló ń dá ọ lóhùn.

O ní mo ti yí padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ìwọ. Mo ti pé ọmọ ọdún 59, Àlàmú. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti ń sún mọ́, ìpéǹpéjú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bí òfì tí òjò pa. Mi ò pè é o. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo lè wà láàárín àwọn èèyàn, kí n máa dáhùn "hẹn, hẹn", kí n má mọ ohun tí mò ń dáhùn sí. Lóṣù tó kọjá, mo wọ Micra ní Mọ́lété, mo fẹ́ lọ sílé ní Odò-Ọnà Eléwe. A ò tíì kọjá Challenge tí mo ti fi èjìká ìyá kan ṣe ìrọ̀rí. Dẹ́rẹ́bà ló jí mi níbi tí ọkọ̀ parí sí, tó ní, "Bàbá, ṣé ibí lẹ̀ ń gbé ni?" Mo tún sanwó ọkọ̀ padà.

Ìwọ lo sì yẹ kó o mọ ẹni tí mo jẹ́ jù. Ta ló kọ́kọ́ mú ọ jáde láago méjì òru? Lásìkò ààwẹ̀, nígbà tá a ṣì wà ní Ìdí-Arẹ́rẹ́, tá a bá ti gbọ́ tí àwọn oníwéré ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, màá rọra ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìwọ á tẹ̀ lé mi pẹ̀lú agolo mílíìkì tó o kó òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà náà, èmi ti di mẹ́rìndínlógún, mo sì ń ṣe bí ọ̀gá. A ó máa lù kiri, a ó máa kọrin, kí àwọn ìyá onílé lè dìde dáná sààrì. (Inú wéré yẹn náà ni fújì ti jáde; àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò gbà gbọ́ nígbà tí mo sọ fún wọn.) Nígbà tá a bá fi máa padà, Ìyá á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè wá tàwọn ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. A jẹ sààrì, a sì jẹ ẹgba.

Alẹ́ ọjọ́ tí 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn wa, gba ife CAF ti Áfíríkà lọ́dún 1992 ńkọ́? Ta ló sùn ní Ìbàdàn? A fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́lété títí dé Bẹẹrẹ, ohùn há mọ́ wa lọ́fun, ilẹ̀ mọ́ bá wa lójú títì, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ.

Ti Iléyá ni mi ò lè sọ tán. Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, a ò ní mọ̀yàtọ̀ òru àti ọ̀sán mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà á máa dún pọ̀, jẹnẹrétọ̀ á máa ké níta, gbàǹja á wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá tòògbé, màá na téèpù sí i lẹ́yìn fìà, màá ní kó lọ bọ́jú. Tí ladánì bá fi máa pe Àsùbáà láàárọ̀ ọdún, a ó ṣì máa lọ aṣọ, àwọn oníbàárà á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíì nínú wọn tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Màá wẹ̀, màá wọ agbádá tèmi, ó di Yídì Agodi. Màá tún padà wá dúḿbú àgbò. Mi ò ní fẹ̀yìn lélẹ̀ títí alẹ́ ọjọ́ náà. Mo sì máa ń fi yangàn. Àwọn tó bá ní ó rẹ àwọn, ọ̀lẹ ni mo ń pè wọ́n, lójú wọn.

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, alhájì kan gbé gíníì aláwọ̀ ojú ọ̀run wá, ó fẹ́ bùbá, ṣòkòtò àti agbádá. Mo gé e, mo rán bùbá àti agbádá, ó ku ṣòkòtò. Aago kan òru ti kọjá. Mo jẹ gbàǹja, mo bọ́jú, mo ní kí ọmọ kan bu omi tútù sí mi lẹ́yìn ọrùn. Mò ń wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bó ṣe ń lọ sókè sódò, ó ń di méjì mọ́ mi lójú. Mo ṣẹ́ ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mo kì í bọ abẹ́ ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́ lọ geere, mo já òwú, mo jù ú sí ọmọ tó ń lọ aṣọ. Ọmọ ọ̀hún náà ń tòògbé. Ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó dà á sínú ọ̀rá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, alhájì wọ yàrá kékeré ẹ̀yìn láti gbé e wò. A gbọ́ gìrì. A gbọ́ tí nǹkan gbá ògiri. Ká tó wí, ó ti ń fi ẹsẹ̀ kan fò bọ̀ níta. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti yọ, tòsì wà nínú ṣòkòtò, kò ríbi gbà. Mo ti rán ojú méjèèjì pọ̀ lẹ́nu ẹsẹ̀, mo sì rán an dáadáa, mo gbà á lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá télọ̀," ó ní, "ṣé àpò ẹ̀wà lẹ rán fún mi ni?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Mo tú u, mo tún un rán, ó wọ̀ ọ́ lọ sí Yídì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo ọwọ́ mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọwọ́ yìí ti ń ránṣọ. Kò rán ẹnu ṣòkòtò pa rí.

Ìyá ló wá sí mi lọ́kàn níbẹ̀. Ṣó o rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe? Tí wọ́n bá ti kírun Ìṣáì tán, wọ́n á bọ́ sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, tẹlifíṣàn á máa sọ̀rọ̀, orí wọn á máa yẹ̀ sọ́tùn-ún, yẹ̀ sósì. A ó ní, "Ìyá, ẹ lọ sùn." Wọ́n á ní, "Ta ló ń sùn? Mò ń gbọ́ ìròyìn." Bẹ́ẹ̀ ìròyìn ti tán láti bí wákàtí kan. Ìlú tí tẹlifíṣàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1959 la ń gbé, ìyá wa ò sì mọ bí eré kankan ṣe parí títí wọ́n fi lọ bá àwọn àgbà. Àwa ni à ń jókòó tì í títí wọ́n á fi kọ orin orílẹ̀-èdè, tí ojú tẹlifíṣàn á wá máa hó ṣììì. Ìwọ lo máa ń yọ́ lọ ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Má jiyàn, mo ṣì mọ iye ẹran tó dín.

Ohun tá ò rò nígbà náà ni pé Ìyá kan náà yìí ló ń gbálẹ̀ láago mẹ́rin ìdájí. Wááṣí, wááṣí, lábẹ́ fèrèsé wa. A máa ń borí, a máa ń ráhùn. Mo jókòó ṣírò rẹ̀ láìpẹ́ yìí: láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, wákàtí méje ààbọ̀ ni. Oorun wọn ò pọ̀ ju tẹni kẹ́ni lọ. Òru wọn ló ti ṣí síwájú, àwa ò sì mọ̀, à ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Tó bá wá ń rẹ èèyàn báyìí ní Ìbàdàn, gbogbo ayé ló di dókítà. Ìyá alágbo tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ibà ni, ó tún fi táífọ́ọ̀dù kún un, ó ti di oògùn sínú ọ̀rá kó tó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kì í ṣe ojú lásán. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi ló gbà mí lọ́wọ́ gbogbo wọn, tó ní kí n wá sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ̀ mí wò dáadáa. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ mi tó, bóyá súgà ti pọ̀ lára mi, wọ́n fi nǹkan so mí lápá láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ẹ̀jẹ̀ ríru gòkè díẹ̀, wọ́n kọ oògùn rẹ̀ fún mi, mò ń lò ó. Wọ́n tún ní pírósítéètì mi ti ń wú díẹ̀, òun ló ń jí mi tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóru. Wọ́n ní kí n yéé mu omi púpọ̀ tí mo bá ti fẹ́ sùn. Èyí tó kù, dókítà ní ọjọ́ orí ni.

Inú mi ò dùn nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo kúkú fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan tí abẹ́rẹ́ lè lé lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ kọ́ṣẹ́, òun ò lọ síbì kankan, ó ń sọ pé "àgbà ló dé, àgbà ló dé", tí ó ń sùn lọ́sàn-án, tí ó ń mu omi bí ẹni ń rọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ súgà ni. Ìgbà tí egbò kan kọ̀ tí kò jinná lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló tó mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kó o lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tìrẹ náà, ìwọ tí dókítà wà nítòsí rẹ.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ló jókòó tì mí tó fi ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní aago kan wà nínú ọpọlọ èèyàn, ìmọ́lẹ̀ ló ń wáyìn-ín rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta kan, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017 lórí ọ̀rọ̀ aago inú ara yìí. O ò ní mọ ohun tí wọ́n fi ṣèwádìí: àwọn kòkòrò wínníwínní tó máa ń rọ́ bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù. Àwọn yẹn náà ní aago nínú! Láti ọjọ́ náà, n kì í fi tọkàntọkàn lé wọn lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́. Ó ní bí èèyàn bá ń dàgbà, aago yẹn a máa sáré síwájú, oorun á tètè dé, ojú á sì tètè là. Ó ní èròjà kan wà tí ọpọlọ máa ń tú sára bílẹ̀ bá ti ṣú, melatonin lorúkọ rẹ̀, pé ó ń dín kù bọ́jọ́ orí ṣe ń lọ. Inú ẹyinjú pàápàá máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, bíi lẹ́ẹ̀sì funfun tó pẹ́ nísàlẹ̀ àpótí, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á wá dín. Oorun àsùnwọra gan-an, èyí tí wọ́n lè fi gbé èèyàn lọ tí kò ní mọ̀, òun náà ń kúrú, ìdí nìyẹn tí ariwo kékeré fi ń jí àgbàlagbà.

Mo ní, ṣé oorun tí mo nílò ló ti wá dín kù ni? Ó ní rárá, wákàtí méje sí mẹ́sàn-án ni ti àgbà, ẹni tó bá sì ti lé ní ọdún 65, méje sí mẹ́jọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Ohun tó yàtọ̀ ni pé láyé ọjọ́un, mo lè jẹ oorun ní gbèsè fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó san án. Ní báyìí, ọjọ́ kejì gan-an ni olówó ti ń kanlẹ̀kùn. Ìgbà tó gbọ́ ti gbàǹja, ó bú sẹ́rìn-ín. Èròjà tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì, èyí téèyàn bá sì jẹ láago mẹ́jọ alẹ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára láago kan òru. Àṣé gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo kàn ń fi ọwọ́ bo oorun lẹ́nu ni, kò lọ síbì kankan.

Mo ti wá jáwọ́. Bí a bá ń dàgbà, à yé ogun ún jà. Mo kọ ọ́ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù pé n kì í gba aṣọ ọdún mọ́ tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì. Aago méje alẹ́, mo ti tì. Ọmọ kan wà lódìkejì títì tó ń ránṣọ mọ́jú, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ti kó nínú àwọn oníbàárà mi lọ. Alhájì onígíníì wà lára wọn. Lóru Iléyá tó kọjá, mo jí tọ̀, mo dúró lójú fèrèsé, mo ń ronú pé iná ọmọ yẹn á ṣì wà ní títàn, ẹ̀rọ rẹ̀ á máa dún. Àlàmú, ó dùn mí. Kì í ṣe tìtorí owó nìkan. Owó dín lóòótọ́, ìyàwó mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo máa ń jẹ́ lóru ọdún yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀, kò sì ní padà wá mọ́. Mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti sùn lọ. Ara ò tiẹ̀ jẹ́ kéèyàn ráyè banú jẹ́ dáadáa.

Ìyàwó mi ti wá ń pè mí ní ọmọ Ìbàdàn tòótọ́. Ó ní ṣebí nínú oríkì wa náà ló wà, Ìbàdàn ọmọ ajòrosùn. Èmi ní ogun ló ká àwọn baba wa mọ́ orí òkè tí wọ́n fi ń jẹ èso òro sùn, kì í ṣe pé oorun ń kùn wọ́n. Ó ní kí n ṣáà jẹ àmàlà mi láago mẹ́fà kí n lọ sùn.

Ó tún sọ nǹkan mìíràn fún mi. Ó ní ìyàwó rẹ fẹjọ́ rẹ sun òun, pé tó o bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí àga lo máa ń sùn sí tìwọ ti bàtà, nígbà míì kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ṣé o rí i? Mo tún gbọ́ pé tó o bá ń hanrun, o máa ń dákẹ́ lójijì bí ẹni tí èémí tán, kó o tó tún fà á. Èyí o, má fi ṣeré. Wọ́n bi èmi náà ní UCH bóyá mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ fún dókítà rẹ, torí ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó sùn wákàtí mẹ́wàá, á ṣì máa rẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún 51 ni ìwọ náà. Agolo mílíìkì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Wàyí o, ohun tí mo rò nìyí. Tó o bá délé láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ yín nígbà òtútù, aago mọ́kànlá alẹ́ ló lù níbí. Tí ẹ bá yí aago yín lóṣù kẹta, á di mẹ́wàá. Méjèèjì kọjá agbára mi. Ṣùgbọ́n láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, mo ti lajú kedere, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀, ladánì gan-an ò tíì gbé gbohùngbohùn. Nígbà náà, mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ló lù lọ́dọ̀ yín nígbà òtútù, mọ́kànlá ààbọ̀ nígbà ooru. Ìwọ á ti jí lórí àga yẹn, wàá ti bọ́ bàtà, wàá máa wá ohun tó o máa jẹ. Èmi ni màá máa pè. Má pè mí lálẹ́ mọ́, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò lè dúró.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, látibi ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, mo fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣe já sí. Tó o bá sì gbọ́ tí àkùkọ ń kọ lẹ́yìn mi, ti ará ilé kejì ni. Òun náà kì í lè sùn pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àjàní